Aago Rọ́ṣíà Tí Bàbá Fi Lé Mi Lọ́wọ́

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé ìlú àwọn òyìnbó kì í ṣe òtútù. Gbogbo ènìyàn ló ti fi òtútù dẹ́rù bà mí kí n tó kúrò nílé, nítorí náà nígbà tí ó gbá mi létí, mo dá a mọ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í tún nǹkan ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, mo rí tẹlifíṣọ̀n ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó fara ti ògiri bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé ọkọ. Mo rí àga onítìmùtìmù. Mo rí kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí kò ṣe ju pé táyà kan yọ lọ. Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, bàtà ẹnìkan lè máa lọ sọ́dọ̀ aránbàtà títí tí awọ tí wọ́n fi ṣe é níbẹ̀rẹ̀ kò fi ní sí lára rẹ̀ mọ́, òun náà ni wọn yóò ṣì máa pè ní bàtà náà. Agboòrùn ní ẹni tí ń tún un ṣe, ìkòkò tó jò ní ẹni tí ń dí i. Níbí, ohun tó bá ti dákẹ́, ìta ló kàn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan ènìyàn pẹ̀lú.

Aago ọwọ́ kan tó ti dákẹ́ wà nínú àpò mi lákòókò yẹn. Ti bàbá mi ni.

Bàbá mi kàwé ní Rọ́ṣíà nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Sófíẹ̀tì. Ìjọba ló rán an lọ. Ẹ̀kọ́ nípa omi ló kọ́: bí a ṣe ń wá a kàn lábẹ́ ilẹ̀, bí a ṣe ń fà á wá sẹ́nu ẹ̀rọ. Nígbà tó parí, ó ra aago kan sọ́wọ́, ó sì padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn gbọ́: ó parí, ó sì padà. Láyé tiwọn, ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn jọ máa ń rìn ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí tó gbà, bí oòrùn wa bá ràn sí i, yóò yọ́. Ó ṣiṣẹ́ omi títí ó fi fẹ̀yìn tì, aago náà kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Aago kékeré ni. Ojú rẹ̀ funfun nígbà kan, ó ti wá ń pọ́n bí eyín àgbà. Lẹ́tà Rọ́ṣíà ni wọ́n fi kọ orúkọ sójú rẹ̀, àwa ọmọ kò lè kà á. Kò ní bátìrì. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ló gbọ́dọ̀ máa wáíǹdì rẹ̀ láràárọ̀. Orí ẹní ìrun ni Bàbá ti máa ń ṣe é, bí ó bá ti kí ìrun àsùbáà tán. Yóò fi ìka méjì mú orí rẹ̀, yóò máa yí i títí yóò fi le. Bí mo bá gbọ́ kíríkírí yẹn láti yàrá wa, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, mo sì mọ̀ pé Bàbá ti jí.

Nígbà tí ìrìnàjò mi kù díẹ̀, aago náà dákẹ́. Bàbá gbé e lọ sí Òkè Ajé, sọ́dọ̀ aláago tó ti ń bá a tọ́jú rẹ̀ bọ̀. Aláago ti kú, ìboòjú fóònù ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá padà wálé, ó pè mí jókòó.

Ó ní, "Mú un dání. Kò lè má sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe lọ́hùn-ún. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi gbé e wá fún mi. Má fi rán ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Ó dáa, sà." Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ ọ́, bí ẹni tí wọ́n rán lọ ra búrẹ́dì ní ìta.

*

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù aago ní ìlú tí mo wà wọ wésíkóòtì. Ó gba aago náà, ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan, kò ṣí i.

"Kì í ṣe irú èyí tí à ń tún ṣe," ló wí. "Àtúnṣe rẹ̀ á wọ́n ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ṣé kí n fi tuntun hàn yín?"

"Ti bàbá mi ni."

Ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹ kú àdánù," ó wí.

"Bàbá mi kò kú."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń fi sin ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà. Mo ki aago mi bọ àpò. Mo bọ́ síta. Ó jọ pé ẹni tí kò mọ̀ wá rí ló jókòó síbẹ̀ tó dájọ́ ilé wa: ẹ kò tó ohun tí à ń tún ṣe.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé èmi fúnra mi ni yóò tún un ṣe.

*

Ní Odógbolú, olùkọ́ ìṣirò ni mí. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọ á dìde. Níbi tí mo dé, ilé àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́. Mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń yí wọn padà lórí ibùsùn kí ara wọn má baà bó. Iṣẹ́ náà kò bí mi nínú. Ta ni yóò rí arúgbó tí yóò máa bínú? Ohun tó ń ta mí lára ni pé orúkọ lásán ni wọ́n ní kí n máa pè wọ́n. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ George, ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ń pè é ní Bàbá George. Ọ̀gá wa obìnrin pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé àwọn ìdílé lè má fẹ́ ẹ. Ìdílé wo? Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, n kò rí ẹnikẹ́ni tó wá béèrè Bàbá George.

Ọwọ́ mi tí mo fi ń wẹ bàbá ẹlòmíràn náà ni mo ń gbé délé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ni mo fi ń ṣí aago bàbá tèmi.

Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní, tábìlì kan wà lábẹ́ fèrèsé. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí rẹ̀ kí ohunkóhun tó bá já bọ́ lè hàn. Mo ra àwọn sikirudíráfà tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, mo ra ẹ̀mú kékeré, mo ra awò tí wọ́n ń fi sójú kan. Mo tún ra òkú aago mìíràn, ìkejì ti Bàbá gẹ́lẹ́, kí n lè máa yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ lò. Orí fóònù ni mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n. Ọwọ́ tèmi kò tíì mọ iṣẹ́ náà.

Nígbà tí mo ṣí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, òórùn kan jáde. Òógùn ni àti irin, ó sì ti wà nínú rẹ̀ ó ti pẹ́. Mo gbé awò sójú. Láàárín àwọn àgbá eléyín wẹ́wẹ́ náà, eruku pupa ló kún ibẹ̀, ó ti pò mọ́ òróró, ó ti le gan-an. Mo mọ eruku náà. Eruku tó ń bà sórí ewéko lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lásìkò ọyẹ́ ni, eruku tó wọ Bàbá lára nídìí gbogbo kànga tó gbẹ́. Mo jókòó, mò ń wò ó. Ohun tó kù nínú aago yẹn láti ilé, òun gan-an ló dá a dúró. Bí mo bá fẹ́ kí ó rìn, àfi kí n fọ̀ ọ́ dànù. Mo fọ̀ ọ́. Mo da omi rẹ̀ sínú síǹkì, ó sì ṣàn lọ sínú ilẹ̀ wọn.

*

Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni mo tú u, ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni mo tò ó. Nígbà àkọ́kọ́, mo tò ó tán, ẹ̀yà kan kù sórí aṣọ tí n kò mọ ibi tó ti wá. Nígbà kejì, bí mo ṣe ń tẹ sípíríńgì kan sáyè rẹ̀, ó fò. N kò rí i nígbà tó ń fò. Tín ni mo gbọ́. Sípíríńgì náà kò ju irun ìpéǹpéjú lọ. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo fi iná fóònù wá gbogbo ilẹ̀. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọn bàtà. Ìgbà tó yá, mo kàn jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi tí n kò sunkún ní pápá ọkọ̀ òfurufú, èmi tí n kò sunkún nígbà tí obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ jókòó síbòmíràn. Mo gbé apá sókè kí n fi nu ojú, mo rí sípíríńgì náà, ó ti há mọ́ òwú súwẹ́tà mi.

Rúkáyátù, àbúrò mi obìnrin, pe fóònù bí mo ṣe jókòó bẹ́ẹ̀. Òun ló wà nílé pẹ̀lú Bàbá. Ìyá wa ti kú tipẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí ni ẹ ń ṣe tí ohùn yín fi rí báyìí?"

"Aago Bàbá ni mò ń tún ṣe."

"Títí di báyìí?"

"Kò rọrùn."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí. Bí àbúrò ẹni bá fi irú ohùn yẹn kí ni kú iṣẹ́, èébú ni.

N kò bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó yẹ kí ó ti yé mi, nítorí pé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yẹn, bí mo bá pe ilé, Bàbá kì í sọ̀rọ̀ pẹ́ mọ́. Yóò ní, "Ṣé dáadáa ni? Àlùhámúdù lílááì," yóò sì gbé fóònù fún Rúkáyátù. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni. Mo rò pé fóònù ló sú u.

*

Ó rìn ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Mo fi àgbá kékeré tó jẹ́ ọkàn rẹ̀ sáyè, n kò tíì fi ọwọ́ kúrò, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì lọ mì bọ̀ bí ọmọ ẹyẹ tó jí. Mo pariwo. Kò sí ẹni tó gbọ́ mi nínú ilé náà. Mo gbé e sétí: kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Mo yí i sí aago ilé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago wọn àti tiwa a máa dọ́gba, kò sí ìyàtọ̀ wákàtí kan tó máa ń wà láàárín wa lásìkò òtútù. Ìgbà yẹn nìkan lọ́dún ni ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé èmi àti ilé wa jọ wà nínú ọjọ́ kan náà.

Mo pe ilé. Mo gbé aago náà mọ́ fóònù.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ," Bàbá wí. "Ó ń dún dáadáa. Ẹ ṣeun."

Ayọ̀ kò jẹ́ kí n fetí sí ọ̀rọ̀ tó fi parí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo gba ohùn aago náà sílẹ̀ lórí fóònù kí n lè fi ránṣẹ́ sí Rúkáyátù. Nígbà tí mo gbọ́ ọ padà, èémí mi nìkan ló wà níbẹ̀. Fóònù kò gbé ohùn kékeré bẹ́ẹ̀. Ó kà á sí ariwo, ó yọ ọ́ dànù. Bàbá kò gbọ́ nǹkan kan nígbà náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bàbá mi purọ́ kí inú mi lè dùn. Mo fẹ́ràn irọ́ náà.

Rúkáyátù tún pè. Ó ti jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń gbọ́ adìẹ.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹ ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, Bàbá bi mí pé ta nìyẹn."

"Kò gbọ́ ohùn mi dáadáa ni."

"Ó gbọ́ yín. Kò mọ̀ yín ni. Kò mọ èmi náà láràárọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó jáde pé òun ń lọ síbi iṣẹ́, ọlọ́kadà kan ló rí i ní Ẹ̀jìnrìn Road tó gbé e padà wá fún wa. Bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo sọ pé ara rẹ̀ kò dá. Mo sọ ọ́ léraléra. Ẹ̀yin ní kí n fún un lóògùn ibà." Ohùn rẹ̀ ga. "Aago! Aago ni ẹ ń tún ṣe níbẹ̀! Ẹ máa bọ̀ nílé, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba, Rúkáyátù. Wọn kò tíì dáhùn. Bí mo bá jáde báyìí, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́."

"Kí ẹ má wọlé mọ́ ńkọ́?"

Adìẹ ń ké. Mo ti ń wá èsì ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ náà. Mo mọ ohun tí n bá sọ: pé mo ti ta ilẹ̀ mi, pé iṣẹ́ mi ní Odógbolú ti di ti ẹlòmíràn, pé ẹni tó bá padà lọ́wọ́ òfo ní Ìjẹ̀bú, orúkọ tí wọn yóò sọ ọ́ yóò dàgbà jù ú lọ. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tó sọ fún ẹni tó ń wá bàtà bàbá rẹ̀ kiri lójú títì.

*

Wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́ lájò á di ọmọ ibẹ̀. Irọ́ ni. Ó kàn máa ń mọ́ni lára pé a kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ ni. Láàárọ̀, lẹ́yìn àsùbáà, mo ń wáíǹdì aago náà lórí ẹní ìrun tèmi, nínú yàrá tí oòrùn kò dé. Ó ń sáré díẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, yóò ti ṣáájú. Mo ń yí i padà. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń fi ṣíbí fún Bàbá George lóúnjẹ, mo ń nu ẹnu rẹ̀. Wọ́n ń sanwó fún mi láti jẹ́ ọmọ fún un. Nílé, àbúrò mi ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀, ó sì ń ṣe é nìkan. Bàbá George kú nígbà òtútù. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé. Kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, wọ́n ti tẹ́ ibùsùn náà fún ẹlòmíràn.

Ìwé mi jáde. Mo lọ sílé.

*

Ilé wa ní Pòrógun, nínú Ìjẹ̀bú-Òde, kò yí padà, ọ̀dà rẹ̀ ló ti ń ṣí. Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú jàlàbíà funfun. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Ọwọ́ Rúkáyátù hàn lára rẹ̀. Mo sáré gun àkàsọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Salaam aleekun, Bàbá mi."

"Wa aleekun salaam," Bàbá wí. "Ẹ dìde, ẹ dìde, sà. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ yín dọ̀tí. Ẹ jókòó."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, bàbá mi kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ojú rẹ̀ kò le sí mi. Ojú tí à ń fi wo àlejò tó níwà ni. Kí ó tiẹ̀ bú mi, kí ó ní, "Ìwọ yìí, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀," ǹ bá dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ títí di alẹ́.

Rúkáyátù jáde síta. "Bàbá, Bọ̀ọ̀dá ni o! Ọmọ yín ni, ẹ wò ó dáadáa!"

Mo rí i tí ẹ̀rù ń bọ̀ lójú Bàbá, bó ṣe máa ń bọ̀ lójú àwọn arúgbó ibi iṣẹ́ mi bí ènìyàn bá béèrè ohun tí wọn kò lè rí mú jáde. Mo mi orí sí Rúkáyátù pé kí ó fi í sílẹ̀. Mo fa aago náà yọ, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ó gbà á. Ó mọ̀ ọ́n. Kó tó wo ojú rẹ̀, ó ti gbé e sétí, gbogbo ara rẹ̀ sì dákẹ́. "Ó ń rìn," ó wí jẹ́jẹ́. Ó ka orúkọ tó wà lójú rẹ̀ sókè ní èdè Rọ́ṣíà, láìṣì í, èyí tí èmi kò lè kà láti kékeré. "Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni, sà."

"Ọwọ́ yín ò ní gbẹ. Rúkáyátù, bu omi fún ọ̀gá aláago."

Rúkáyátù bu omi wá nínú ife àlejò. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó ń wo ilẹ̀, ó wọlé lọ.

"Mo ní ọmọ kan," Bàbá wí bó ṣe ń de aago náà mọ́ ọwọ́. Okùn awọ aago náà ti tóbi jù fún un. "Òun ni mo gbé e fún. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ ìṣirò. Ó wà lókè òkun. Mo ní kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá fún mi." Ó mi orí. "Kò wá."

"Ó ń bọ̀, sà."

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀."

"Bó bá dé, màá ní kó wá kí yín." Ó wo ojúde, oòrùn ti ń wọ̀. "Ẹ máa lọ o, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ yín lọ́nà. Ẹ kí àwọn ará ilé."

Mo mu omi náà tán. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ó dàbọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ sí ojúde. Bàbá gbé ọwọ́ sí mi láti orí àga. Mo rìn dé ibi tí kò ti ní rí mi mọ́, mo yí ilé po, mo sì gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọ ilé bàbá mi.